Ta Ló Ń San Ìyókù Owó Ilé Olówó Pọ́ọ́kú?

"Ilé olówó pọ́ọ́kú" ni àwọn oníròyìn Yorùbá máa ń pè é nígbà tí gómìnà bá ṣí ẹ́sítéètì tuntun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì sí ẹni tí kò yé. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé iye tí ẹni tó ń gbà á yóò san nìkan ló sọ. Owó pọ́ọ́kú kì í kọ́lé. Iye tí gbogbo ayé ń ra sìmẹ́ǹtì ni ìjọba náà ń rà á. Bí ẹni tó gba ilé kò bá san owó rẹ̀ pé, ẹnìkan ló bá a san ìyókù.

Láàárín 1979 sí 1983 tí Lateef Jakande fi jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba rẹ̀ kọ́lé fún mẹ̀kúnnù ní Ìsọlọ̀, Amùwò-Ọ̀dọ̀fin, Abẹ́sàn àti ibòmíràn. Títí dòní, bí èèyàn bá ní "Jákàńdè" lòun ń gbé, ohun tí wọn yóò bi í ni pé èwo nínú wọn. Orúkọ gómìnà di orúkọ ilé.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn: ilé káńsù. Káńsù ló ni ín, ayálégbé ń san owó tí kò tó ti ọjà. Lọ́dún 1980, ìjọba Margaret Thatcher ṣòfin tó jẹ́ kí ayálégbé lè ra ilé náà ní ẹ̀dínwó. Èyí tí wọ́n tà ju èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò lọ fíìfíì, ìdílé tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sì ń retí ilé ní England. Orúkọ náà, "ilé káńsù", kò ṣeé gbé wálé bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni káńsù n'Íbàdàn. "Ilé ìjọba" náà kò ṣe é, ti gómìnà nìyẹn. "Ilé àyágbé ìjọba" ló sún mọ́ ọn jù: ó sọ ẹni tó ni ín, ó sọ pé wọn kò tà á.

Ariwo epo bẹntiróòlù ti kọ́ gbogbo wa ní "owó ìrànwọ́". Ti ilé pín sí méjì: ìrànwọ́ ilé kíkọ́, àti ìrànwọ́ owó ilé tí ìjọba fi ń bá ayálégbé san owó fún onílé. Ìkejì yá, ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ sísùn síta lónìí. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ti wọ́n, àpò onílé ló ń lọ, wọn yóò tún san án lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì fi búlọ́ọ̀kù kan kún èyí tó wà nílẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gba ọ̀nà kẹta. Lọ́dún 1992 ni òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò kan, kí Federal Mortgage Bank máa yá wọn níbẹ̀ láti fi ní ilé. Ẹni tó bá pè é ní èsúsú ṣì í pè. Nínú èsúsú, kò sí ẹni tí kò ní kó tiẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ń dá, díẹ̀ ń yá. Ẹni tó yá ń san èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò yá ń dúró di ìfẹ̀yìntì kó tó gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé 2. Alájẹṣẹ́kù ló jọ, òṣìṣẹ́ tó ṣì ń háyà ilé ló sì ń bá ẹni tó ń kọ́lé gbé ẹrù.

Ìyá aláta tó wà ní yàrá kan ní Múṣín kò ní owó oṣù tí báńkì yóò wò. Bó bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, owó ọdún kan, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé mìíràn á ní ọdún méjì lòun fẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin Èkó ti 2011 ní kí wọ́n má gbà ju ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ilé tí yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù ló bá a mu. Irú ilé àyágbé bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn gómìnà kọ́ kí wọ́n tó tún kọ́ èyí tí wọn yóò tà.