Ẹni Tí Aláàfin Rán Níṣẹ́

Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ rán sí ìjọba òyìnbó ní Èkó. Ogun Kírìjì ń jó bí iná. Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti wọ̀yá ìjà, oko ti di igbó, ọ̀nà ọjà ti dí, agbára ọba Ọ̀yọ́ kò sì tó mọ́ láti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni dẹ̀yìn. Lẹ́tà ni yóò kọ, kí òyìnbó lè bá wọn dá sí i. Ta ni yóò wá gbé lẹ́tà náà?

Ìlàrí kún ààfin, iṣẹ́ ọba ni wọ́n sì ń jẹ́. Síbẹ̀ Samuel Johnson ni Aláàfin gbé e lé lọ́wọ́, oníwàásù ìjọ CMS tó wà ní Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí, ọmọ ìjọ paraku sì ni. Ọba tó rán an níṣẹ́ ńkọ́? Kòso, níbi ojúbọ Ṣàngó, ni wọ́n ti ń dé Aláàfin ládé. Ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ Ṣàngó mọ̀ dájú pé ìránṣẹ́ òun ń wàásù kí àwọn ènìyàn fi Ṣàngó sílẹ̀.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ìtàn, ibí yìí ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù. A máa ń sọ pé àwọn baba wa ń fara da ẹ̀sìn ara wọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kéré. Ènìyàn lè fara da ẹni tí kò ní jẹ́ kó tẹ ìloro ilé òun. Adéyẹmí fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò bá a bọ ohun kan náà. Johnson náà kò sì já a kulẹ̀. Nígbà tó di 1886, òun àti Charles Phillips, pásítọ̀ Oǹdó, ni wọ́n ń ti ibùdó ogun kan bọ́ sí èkejì títí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Lẹ́yìn náà ni Johnson di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ó sì jókòó ti àwọn arọ́kin, òpìtàn ààfin. Ẹ rò ó wò. Àwọn àgbà ààfin wọ̀nyí mọ ohun tó ń wàásù lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n sì ṣí àpò ìtàn fún un, ọba dé ọba, ogun dé ogun. Ó fi kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé sọ nù sí ìlú òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Yorùbá ń jẹ nínú ohun tí arọ́kin fún pásítọ̀ yẹn.

Ọ̀yọ́ sì ní ìdí tó fi lè kórìíra àwọn mùsùlùmí. Àwọn jagunjagun Ìlọrin tó ń jà lórúkọ ẹ̀sìn Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Olúewu sì bá ogun náà lọ. Aláàfin Àtìbà kó ìjọba wá sí Àgọ́ Ọjà, Ọ̀yọ́ òde òní. Àwọn tó bá a dó síbẹ̀ ṣì ń sunkún ilé wọn, síbẹ̀ mùsùlùmí rí ilẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí sí láàárín wọn. Ìran bàbá mi wà lára àwọn tó ń kírun níbẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ìyá mi, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí, ní ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi. Míṣọ́nnárì Bowen ló mú ìjọ náà dé ìlú yẹn ní 1855. Dókítà George Green dé ní 1907, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ní 1923. Ìyá mi ní nọ́ọ̀sì gbàdúrà lórúkọ Jésù kí òun tó wọ yàrá ìrọbí, bàbá mi sì wà níta, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ní ọwọ́ wọn dára, kò sì tún fi kún un.

Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta ni Aláàfin tí àwa mọ̀ jù. Mùsùlùmí ni, Ramadan ló sì bá lọ, ní April 2022. Ọdọọdún ló ń gba àwọn oníṣàngó lálejò nígbà ọdún wọn, láti ilẹ̀ yìí àti láti òkè òkun. Nígbà tó wàjà, àwọn àlùfáà kírun sí i lára, lẹ́yìn náà wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe tí yóò gbé e lọ sí Bàrà, ibojì àwọn ọba. Ìlú kò pín sí méjì lórí òkú náà. Mo rí àwọn tó fẹ́ kó pín, láti ìhà méjèèjì, inú sì bí mi sí wọn.

Ní 2023, pásítọ̀ ìjọ Rìdíìmù kan, Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, gorí ìtẹ́ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tí Ògúnlọlá ọdẹ dá sílẹ̀. Àwọn kan ń yọ̀, àwọn kan ń fòyà, ìlú sì ń ka iye ìgbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kò ka ìyẹn. Mo ń wo ẹni tí yóò rán níṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá le, bóyá yóò lè nawọ́ sí lémọ́mù tàbí babaláwo, kó ní, ìwọ ni mo fọkàn tán, lọ bá mi ṣe é.