Bí Àwọn Olólùfẹ́ Ṣe Ní Jọ́nà Tiwọn

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, jọ́nà kan tó ń jẹ́ Transformative Works and Cultures jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ilé ìtẹ̀wé ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kà á kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn olóòtú rẹ̀ méjèèjì, Karen Hellekson àti Kristina Busse, kò gba owó oṣù kankan lórí iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn olólùfẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: àwọn ènìyàn tí ìwé, fíìmù, eré orí tẹlifíṣọ̀n tàbí orin kan wọ̀ lọ́kàn débi pé kíkà àti wíwò nìkan kò tó wọn mọ́. Wọ́n á kọ ìtàn tiwọn lé ti onítàn, wọ́n á ya àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, wọ́n á rán aṣọ bíi tiwọn, wọ́n á gé fídíò wọn tò mọ́ orin.

Bí wọ́n ṣe dá jọ́nà yìí sílẹ̀ jọ bí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ṣe máa ń dá nǹkan tiwọn sílẹ̀. Èmi gbà pé ìdí tó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn, ìtàn náà sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ọdún 2008 tó dé.

Lọ́dún 1893, Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀. Inú bí àwọn òǹkàwé gidigidi, ó sì pẹ́ kí òǹkọ̀wé náà tó jí ọkùnrin náà dìde. Ní 1911, Ronald Knox ka àpilẹ̀kọ kan ní Oxford, ó ń tú àwọn ìtàn Holmes wò fínnífínní bí àwọn onímọ̀ Bíbélì ṣe ń tú Ìwé Mímọ́ wò. Eré ló fi ṣe, àmọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ mú eré náà ní òkúnkúndùn. Ẹgbẹ́ Baker Street Irregulars bẹ̀rẹ̀ ní New York lọ́dún 1934. Nígbà tó di 1946, wọ́n ti ní ìwé àtìgbàdégbà tiwọn, The Baker Street Journal, Edgar W. Smith sì ni olóòtú rẹ̀. Nínú ìwé náà, àgbàlagbà á jókòó, á máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò gbé ayé rí, ẹ̀rí á sì pé lọ́wọ́ oníkálukú. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìníṣẹ́. Ọkùnrin ni wọ́n, ẹgbẹ́ náà kò sì gba obìnrin wọlé títí di ọdún 1991.

Ti àwọn obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966, nígbà tó sì di 1967, ìwé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, Spockanalia, ti jáde. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fanzine. Nígbà yẹn, taipuráítà ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sára stencil, wọn a sì yí i lórí irú ẹ̀rọ tí àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, èyí tí yíǹkì rẹ̀ máa ń kun gbogbo ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á péjọ sílé ẹnì kan. Wọ́n á to ojú ìwé yí tábìlì ká, wọ́n á máa rìn yí i po, wọ́n á máa ṣa ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lé ara wọn, ẹni tó wà níkángun á sì fi stapler kàn án pọ̀. Owó ìwé àti owó ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe èrè. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn tí wọ́n kọ síbẹ̀ gùn, ó jinlẹ̀, ó sì máa ń wọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n kò tó wọ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn oníròyìn fi ń rín wọn. Ìwà yẹn kò dára, mi ò sì rí àwáwí fún un.

Ọdún 1992 ni ojú àwọn ọ̀mọ̀wé là kedere sí wọn. Ìwé mẹ́ta jáde lọ́dún kan ṣoṣo: Enterprising Women tí Camille Bacon-Smith kọ, The Adoring Audience tí Lisa Lewis ṣe olóòtú rẹ̀, àti Textual Poachers ti Henry Jenkins. Ọ̀rọ̀ Michel de Certeau, onímọ̀ ará Faransé, ni Jenkins mú lò. Ó fi olólùfẹ́ wé ọdẹ tó ń wọ igbó olówó láìgbàṣẹ, tó ń pa ẹran tí kò sin, tó sì ń gbé e relé lọ fi bọ́ ara rẹ̀. Àfiwé yẹn lágbára, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tó ń ka ìwé kì í kàn ṣe agbọ̀n tí wọ́n ń da nǹkan sí. Jenkins tún sọ ní gbangba pé olólùfẹ́ ni òun náà. Nígbà yẹn, ọ̀mọ̀wé tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi iyì ara rẹ̀ wewu.

Láti 1992 lọ, ẹ̀kọ́ náà ń dàgbà, àmọ́ kò ní ilé. Ẹni tó bá kọ àpilẹ̀kọ lórí olólùfẹ́ á gbé e lọ sí jọ́nà àwọn onífíìmù lónìí, á gbé e lọ sí ti àwọn onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu lọ́la. Níbikíbi tó bá dé, á kọ́kọ́ fi ojú ìwé márùn-ún ṣàlàyé ohun tí fanzine jẹ́ kó tó lè sọ ohun tó bá wá. Ìdènà kan tún burú ju èyí lọ: báwo ni wàá ṣe fi fídíò hàn lórí pépà? Orí pépà, àpèjúwe lásán ló kù. Ní ti àwòrán, ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kò ní gbé e jáde bí ilé iṣẹ́ fíìmù kò bá fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́dún 2007. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ FanLib fẹ́ kó ìtàn àwọn olólùfẹ́ jọ síbì kan kó sì fi pa owó. Àwọn olólùfẹ́ ka àdéhùn rẹ̀, wọ́n rí i pé èrè á máa lọ sápò ilé iṣẹ́, ẹjọ́ tó bá sì ti ibẹ̀ wá á di ti àwọn tó kọ ìtàn. Wọ́n ní àwọn kò ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni FanLib kógbá sílé. Àmọ́ kíkọ̀ nìkan kò tó. Bí o kò bá fẹ́ kí àlejò wá kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni wàá kọ́ ọ. Láàárín ọdún 2007 yẹn kan náà, àwọn mélòó kan dá Organization for Transformative Works sílẹ̀, àjọ tí kì í wá èrè. Òǹkọ̀wé Naomi Novik wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Francesca Coppa tó ń kọ́ni ní Muhlenberg College, àti Rebecca Tushnet, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà ní ìdí. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ènìyàn lè lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ bí ìlò náà bá tọ́ lójú òfin. Ní 1990, adájọ́ Pierre Leval kọ ọ́ pé ohun tó yẹ kí ilé ẹjọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ni bóyá iṣẹ́ tuntun náà sọ ti àtijọ́ di nǹkan mìíràn, tó fún un ní ìtumọ̀ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba èrò yìí nínú ẹjọ́ àwọn olórin 2 Live Crew, àwọn tó fi orin àgbà kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ transformative tí àwọn adájọ́ lò yẹn ni àwọn olólùfẹ́ gbé lé orí ara wọn, àjọ náà ń jẹ́ ẹ, jọ́nà náà sì ń jẹ́ ẹ. Orúkọ náà ń jà fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Hellekson àti Busse kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe olóòtú ìwé kan lórí ìtàn àwọn olólùfẹ́ láyé íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó jáde lọ́dún 2006. Nígbà tí wọ́n gba jọ́nà yìí ṣe, Open Journal Systems, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Public Knowledge Project ti Kánádà ṣe, ni wọ́n gbé e lé. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń tún èdè ṣe, tó ń to ojú ìwé, tó ń yẹ ìtọ́kasí wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wọn kò gbà lọ́wọ́ òǹkàwé. Ṣùgbọ́n wọn kò torí ọ̀fẹ́ tú ìlànà sílẹ̀ o. Àpilẹ̀kọ tó bá wọlé á lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní mọ̀ wọ́n. Wọ́n pín àyè nínú rẹ̀: ibì kan wà fún tíọ́rì, ibì kan fún àyẹ̀wò iṣẹ́ kan pàtó, ibì kan fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ibì kan fún àyẹ̀wò ìwé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Symposium, níbi tí olólùfẹ́ tí kò ní oyè kankan ti lè kọ èrò rẹ̀ ní ṣókí, kí ó sì wà nínú jọ́nà kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpilẹ̀kọ kan nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ yẹn. Coppa ló kọ ọ́, lórí àwọn obìnrin, Star Trek, àti bí gígé fídíò mọ́ orin ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́. Ó tọpasẹ̀ iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ Kandy Fong lọ́dún 1975. Ìgbà yẹn, àwọn olólùfẹ́ kò tíì ní ẹ̀rọ fídíò nílé. Ohun tí Fong ní ni àjákù fíìmù Star Trek, èyí tí wọ́n gé dànù nígbà tí wọ́n ń to eré náà. Ó sọ wọ́n di síláìdì, ó ń tàn wọ́n sójú aṣọ funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, orin ń dún lábẹ́ wọn. Bí orin bá yí, àwòrán á yí. Ojú kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ nínú eré náà á dúró síwájú àwọn òǹwòran, orin á sì sọ fún wọn ohun tí ojú yẹn ń rò. Ohun tí ọ̀dọ́ ń ṣe lórí fóònù lónìí láàárín wákàtí kan, obìnrin yìí fi ọwọ́ ṣe é, pẹ̀lú pàǹtírí ilé iṣẹ́ fíìmù. Ta ni ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò bá sí jọ́nà tó gbà pé ìtàn ni?

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kì í fi orúkọ àbísọ kọ ìtàn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ lè wà lára wọn, nọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ lè wà níbẹ̀. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá kàn mú ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó kọ fún ọ̀rẹ́ ogún, tó gbé e sínú àpilẹ̀kọ tí gbogbo ayé lè kà, wàhálà lè dé bá onítọ̀hún níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni jọ́nà yìí ṣe ń rọ àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ pé kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ olólùfẹ́ kí wọ́n tó tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbà kí ènìyàn fi orúkọ tó ń jẹ́ láàárín àwọn olólùfẹ́ kọ̀wé síbẹ̀. Àwọn kan ní èyí ń dí ìwádìí lọ́wọ́, pé ohun tó bá ti wà ní gbangba ti di ti gbogbo ayé. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó gbà ọ́ sílé kò ní kí o lọ ká ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀ fún ará ìta.

Lẹ́yìn náà, ìtẹ̀jáde ń tẹ̀ lé ìtẹ̀jáde. Ìkẹrin, lọ́dún 2010, dá lórí eré Supernatural. Jenkins àti Sangita Shresthova ṣe olóòtú ìkẹwàá ní 2012, lórí bí àwọn olólùfẹ́ ṣe ń fi ìfẹ́ wọn jà fún ẹ̀tọ́ láwùjọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ ni ìkẹjọ gbé yẹ̀ wò ní 2011, ó sì di 2019 kí ìtẹ̀jáde kọkàndínlọ́gbọ̀n, tí Abigail De Kosnik àti André Carrington ṣe olóòtú rẹ̀, tó tún fi gbogbo àyè rẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ó pẹ́ jù lójú tèmi. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń kọ̀wé látìgbà tí àwọn yòókù ti ń kọ.

Kì í ṣe Transformative Works and Cultures nìkan ni jọ́nà irú èyí tó wà. Participations, tí Martin Barker wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti ń tẹ iṣẹ́ lórí àwọn òǹwòran jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003. Ní 2013, ilé ìtẹ̀wé Intellect ní ìlú Bristol gbé Journal of Fandom Studies jáde, títà ni wọ́n sì ń ta ìyẹn.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kan àwa Yorùbá náà, bí wọn kò tilẹ̀ pè é lórúkọ yẹn. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí rìn, ó bá wọn ṣeré lórí ìtàgé, ó sì kọ ìwé The Generation of Plays nípa wọn lọ́dún 2000. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé àwọn òǹwòran kì í dákẹ́ lásán: wọ́n ń dá òṣèré lóhùn, wọ́n ń parí òwe fún un, wọ́n sì ń gbé ẹ̀kọ́ eré náà lọ sílé láti fi tún ayé ara wọn ṣe. Ṣáájú ìyẹn, ní 1997, ìtẹ̀jáde kan nínú jọ́nà Africa ti dá lórí àwọn òǹwòran nílẹ̀ Adúláwọ̀. Brian Larkin kọ síbẹ̀ nípa àwọn Hausa tí fíìmù Íńdíà wọ̀ lọ́kàn. Nǹkan tó wà nílẹ̀ fún ìwádìí lọ́dọ̀ wa kò lópin.

Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, Hellekson àti Busse gbé jọ́nà náà lé Mel Stanfill àti Poe Johnson lọ́wọ́. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ti 2008 ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹni tó bá ní dátà lórí fóònù rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Kútọnú lè ṣí i nísinsìnyí, á sì bá Kandy Fong níbẹ̀ pẹ̀lú àjákù fíìmù rẹ̀.