Ọdún Kan Péré: Ẹjọ́ Ilé Ọtí Kan ní Kentmere

Abúlé kékeré ni Kentmere, láàárín àwọn òkè ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1887, obìnrin kan tó ń jẹ́ Susannah Sharp ní kí àwọn adájọ́ agbègbè tún ìwé àṣẹ ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Low Bridge Inn ṣe fún ọdún tuntun. Wọ́n kọ̀. Ìdí méjì ni wọ́n sọ: ilé ọtí náà jìnnà sí ibi tí ọlọ́pàá ti lè máa mójú tó o, àti pé àwọn ará agbègbè náà ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún ìdí méjèèjì yẹn wò. Kò sí èyí tó sọ pé wọ́n jà níbẹ̀, tàbí pé wọ́n ta ọtí kọjá àsìkò. Ṣé jíjìnnà sí ọlọ́pàá wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ká tó dáhùn, ó yẹ ká mọ ibi tí agbára àwọn adájọ́ yẹn ti wá. Láti ọdún 1552 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ta bíà gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í ṣe lọ́yà. Ọlọ́lá àdúgbò ni púpọ̀ nínú wọn. Òfin ọdún 1828 wá fìdí ètò náà múlẹ̀: ọdún kan péré ni ìwé àṣẹ máa ń lò, tó bá pé, kí onílé ọtí padà wá. Nígbà tó di 1830, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ẹni tó bá ń san owó orí ilé lè san gíní méjì, kó máa ta bíà láì dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan. Ilé bíà wá ń hù bí olú. Ní 1869, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn padà, ṣùgbọ́n wọ́n dáàbò bo àwọn ilé bíà tó ti wà tẹ́lẹ̀: ìdí mẹ́rin péré ni adájọ́ lè torí rẹ̀ kọ̀ fún wọn. Ààbò yẹn ò kan ilé ọtí tó ní ìwé àṣẹ kíkún.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lójú ọjà, dúkìá gidi ni ìwé àṣẹ. Ilé tó ní i wọ́n ju ilé tí kò ní in lọ, àwọn ilé iṣẹ́ apọntí sì ń fi owó ńlá ra ilé ọtí. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ irú nǹkan yìí dáadáa: téèyàn bá ń san owó lọ́dọọdún fún nǹkan, ó lè gbàgbé pé òun kọ́ lòun ni ín.

Ẹjọ́ náà gòkè láti kóòtù dé kóòtù, títí ó fi dé iwájú àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1891, ẹjọ́ dá Sharp lẹ́bi. Wọ́n ní adájọ́ lómìnira láti kọ̀ fún ẹni tó wá tún ìwé ṣe, bó ṣe lómìnira láti kọ̀ fún ẹni tuntun. Àmọ́ Lọ́ọ̀dù Halsbury fi ìkìlọ̀ kan sí i: òmìnira yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọgbọ́n àti òdodo, kì í ṣe ohun tó bá ṣáà ti wu adájọ́.

Inú àwọn tó ń gbógun ti ọtí dùn. Ẹ̀rù ba àwọn apọntí. Nígbà tí àwọn adájọ́ Farnham náà kọ̀ láti tún ìwé àwọn ilé ọtí kan ṣe ní 1902, ariwo ta. Ìjọba Balfour ṣe òfin tuntun ní 1904: bí wọ́n bá ti ilé ọtí tí kò ṣẹ̀, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Ara àwọn tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n sì ti ń gba owó náà, kì í ṣe àpò ìjọba. Ọdún 13 lẹ́yìn ìdájọ́ Kentmere nìyẹn.

Lónìí, lábẹ́ òfin ọdún 2003, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ilé ọtí kì í tán mọ́, owó ọdọọdún ló kù. Láti 2012, ẹni tí kò bá san án, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ìwé rẹ̀ dúró. Bí ọlọ́pàá tàbí aládùúgbò bá ní ẹ̀sùn, wọ́n lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ilé ọtí náà gbé yẹ̀ wò, kí tọ̀tún tòsì sì rojọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi àṣẹ lórí ọtí títà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wá sí ilé ọtí àdúgbò wa, ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi onílé ọtí ni pé, “Ṣé o níwèé?” Ìbéèrè dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ta ló lè kọ̀ láti tún un ṣe? Kí ni ìdí tí òfin gbà á láyè láti kọ̀? Níbo la ti lè pẹjọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbi tí kò bá ti sí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí, ojúure ẹni tó wà lórí àga ni ìwé àṣẹ, ọjọ́ tó bá sì bínú ni ọjà tú.