Ohun Ìṣeré Ló Ṣe Ẹ̀gbọ́n Rélùwéè

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá rí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń fi ooru omi gidi sáré lórí tábìlì, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà òyìnbó máa ń jókòó tì bí ọmọdé, kí lẹ máa sọ? Ẹ máa ní wọ́n wo ńlá ni wọ́n fi ṣe kékeré. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Kékeré ló kọ́kọ́ rìn, ogún ọdún ló sì fi ṣáájú ńlá tó kọ́kọ́ gun orí irin.

William Murdoch lorúkọ ọkùnrin náà. Ará Scotland ni, òṣìṣẹ́ Boulton àti Watt ti Birmingham. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí Cornwall kó lọ máa bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà. Ní 1784, nílé rẹ̀ ní ìlú Redruth, ó fi bàbà ṣe ìkòkò kékeré kan, ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fi àtùpà sípíríìtì sábẹ́ rẹ̀. Omi hó, ooru ti pístìn, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ìtàn níbẹ̀ pé ó gbé e jáde lóru ọjọ́ kan, nǹkan náà sá mọ́ ọn lọ́wọ́ tiná-tiná, ó pàdé àlùfáà ìjọ lójú ọ̀nà, bàbá oníwàásù bá figbe ta pé Èṣù ti dé. (Sátánì ló ní lọ́kàn o, kì í ṣe Èṣù tiwa.)

Mo mọ̀ pé Cugnot ti ṣe kẹ̀kẹ́ ńlá kan ní Faransé ní 1769, ṣùgbọ́n ojú títì nìyẹn, kò sì bímọ.

Kí ló wá dé tí Murdoch ò sọ tirẹ̀ di ńlá? Ọ̀gá ni! Watt ń bẹ̀rù ooru tó bá há ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wọn gbájú mọ́ ẹ̀rọ omi. Ní 1786, Murdoch ti wọkọ̀, ó ń lọ sí London kí ìjọba lè fọwọ́ sí i pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Boulton pàdé rẹ̀ nítòsí Exeter, ó bá a sọ̀rọ̀ títí, ó dá a padà sílé. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n jí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbé lọ́wọ́ ayé.

Richard Trevithick, ọmọ Cornwall gan-an, ló gba ibẹ̀ kọjá. Òun náà kọ́kọ́ ṣe kékeré kí ó tó ṣe ńlá. Ní 24 December 1801, ńlá rẹ̀ kó èèyàn gun òkè ní Camborne. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, nǹkan bà jẹ́ lára rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n tì í sábẹ́ ilé kan, àwọn tó wà á bá wọ ilé ọtí lọ jẹran pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó. Wọn ò paná! Omi gbẹ, irin pọ́n, ọkọ̀ jóná, ilé náà jóná. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta ni nínú wa tí kò tíì fi boiling ring sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rí, tó lọ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, tó padà wá bá rọ́bà yíyọ́?

Ọ̀rọ̀ omi gbígbẹ yìí gan-an ni òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ní kékeré lónìí. Iná gbọ́dọ̀ tán kí omi tó tán. Àwọn tó ń ṣe é tiẹ̀ máa ń díwọ̀n rẹ̀ ni, kí sípíríìtì má lè pẹ́ ju omi lọ. Kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán ni wàá bù sí i. Irú omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò ni (kì í ṣe ásíìdì o!), nítorí omi ẹ̀rọ máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ bíi ti inú kẹ́tù, bẹ́ẹ̀ ihò tí ooru ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Má kún un dẹ́nu, ooru ń fẹ́ àyè. Kó o tó ṣáná, fọwọ́ kan fáàfù ààbò kó o rí i pé kò lẹ̀ pọ̀. Fi ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kó o sì fi èyí tó ki síbi tí ooru ti máa gbé e lọ bá pístìn.

Tí omi bá hó, kò ní í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irin ṣì tutù, ooru tó bá wọlé á tún padà di omi. Wàá fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀, á wúkọ́, á tutọ́, lẹ́yìn náà ló máa fò dìde. Títutọ́ yìí náà ni wọ́n fi sọ àwọn onídẹ tí Birmingham ń ṣe láyé Fìtóríà lórúkọ: wọn kì í lo irin rárá, ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń sá lé, ipa omi á máa tẹ̀ lé wọn káàkiri pálọ̀. Iná sì máa ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì nígbà míì.

Ó ya èmi lẹ́nu pé kékeré le ju ńlá lọ láti tọ́jú. Ẹ̀kọ inú kọ́ọ̀bù kì í gbóná pẹ́ tó ti inú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò rẹ̀ ṣe ń tètè pàdánù ooru. Atẹ́gùn díẹ̀ tó bá fẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní 2003 ni iléeṣẹ́ Hornby yọ iná kúrò pátápátá, wọ́n ń fi iná mànàmáná gba ojú irin wọlé láti se omi náà, síbẹ̀ ọ́ìlì àti omi mímọ́ yẹn kò yí padà. Tó o bá ṣeré tán, jẹ́ kó tutù, da omi tó kù nù, kó o nù ún gbẹ, torí ìpẹtà.

Trevithick ò gba ìkìlọ̀ bọ̀rọ̀. Ní 1803, ẹ̀rọ rẹ̀ kan bú gbàmù ní Greenwich, ó pa èèyàn, nítorí ọmọkùnrin tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ti lọ pẹja. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fi òjé dí ihò kan lára ìkòkò: tí omi bá gbẹ, òjé á yọ́, ooru á sá jáde pa iná. Ní 21 February 1804, ní Penydarren ní Wales, ọkọ̀ rẹ̀ fa irin tọ́ọ̀nù 10 àti ọkùnrin 70 lórí irin. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn òkè Camborne, ní 1901, ni wọ́n ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn.

Ti Murdoch ṣì wà ní mùsíọ́mù Thinktank ní Birmingham, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bó ṣe kéré náà ló ṣe wà.