Ìgbàwọlé àti ìdásílẹ̀ aláìsàn ní abúlé Àrò

Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò (1923–2004) dá ètò ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ kan sílẹ̀ ní 1954 ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Nígbà náà, aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá: ó kéré tán, ìbátan kan, bí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá a gbé. Òun ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì lọ mú un wálé lọ́sàn-án. Ilé àwọn ará abúlé ni aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ ń háyà. Ètò náà yá àwọn onílé lówó láti fi tún ilé ṣe, abúlé sì rí omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá gbà.

Ibi tí ètò yìí ti dára jù ni ọjọ́ ìdásílẹ̀ aláìsàn. Ẹni tó ń mú aláìsàn relé ti mọ oògùn rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀. Aláìsàn náà kò sì di àjèjì sí ẹbí.