Ta ló jẹ ilẹ̀ Ouagadougou? Ìtàn ìwádìí tí ilé aṣòfin Burkina Faso ṣe

Lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, àwọn ará Ouagadougou dáná sun ilé aṣòfin. Ààrẹ Blaise Compaoré ló fẹ́ yí òfin padà kó lè tún du ipò lẹ́yìn ọdún 27 lórí àlééfà. Àmọ́ ìbínú náà ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, láàárín àwọn Mossi, tengsoba, ìyẹn olórí ilẹ̀, ló máa ń fún àlejò nílẹ̀. Lọ́dún 1984 ni ìjọba Thomas Sankara ṣòfin pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀. Ẹ rántí Òfin Ìlò Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà: ọmọ ìyá ni àwọn òfin méjèèjì. Sankara yára pín púlọ́ọ̀tì fún ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù, ó sì tún wó àdúgbò bíi Bilibambili.

Lọ́dún 1995, wọ́n dìbò yan àwọn olórí ìlú, pípín ilẹ̀ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti gbilẹ̀. Lójú ìwé, ìlànà náà rọrùn: wọ́n á ka àwọn ilé tó wà ní agbègbè tí wọn ò tíì là, èyí tí wọ́n ń pè ní non-loti, wọ́n á kọ nọ́mbà sára ògiri, wọ́n á wá pín púlọ́ọ̀tì fún àwọn tó ń gbébẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò sùn níbẹ̀ rí a máa sáré mọ ahéré sílẹ̀ de ọjọ́ kíkà. Ẹni tó mọ èèyàn á gba mẹ́ta, mẹ́rin. Ìyá arúgbó tó ti gbébẹ̀ fún ogún ọdún lè má gba ẹyọ kan.

Láàárín ìlú ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ìjọba wó Zangouettin, àdúgbò àwọn Hausa àtijọ́, àtàwọn àdúgbò tó yí i ká, láti fi ṣe agbègbè okòwò tí wọ́n ń pè ní ZACA. Àwọn onílé fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní owó gbà-má-bínú kò tó. Ẹni tó lówó láti kọ́ ilé alájà ni wọ́n wá ta ilẹ̀ náà fún.

Lọ́dún 2016, ilé aṣòfin tuntun, tí Salifou Diallo jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ilẹ̀ ìgboro láti 1995 sí 2015. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé wọ́n ti pín ilẹ̀ lọ́nà àìtọ́, títí kan èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ó ní kí wọ́n gba àwọn púlọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ padà.

Lójú tèmi, kékeré kọ́ ni kí aṣòfin kọ irú èyí sílẹ̀, nítorí àwọn olóṣèlú fúnra wọn wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àmọ́ aṣòfin kì í ṣe adájọ́. Ọwọ́ ìjọba àti ilé ẹjọ́ ni ìyókù wà. Diallo kú ní oṣù Kẹjọ 2017. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Roch Kaboré ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n tú ilé aṣòfin ká.