Àgbò Méjì ní Dakar: Ilé Aṣòfin Tí Ó Borí Tí Ó Sì Pàdánù

Nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá ń kọ ìwé òfin tí yóò fi máa ṣe ìjọba ara rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: ta ni yóò máa pàṣẹ, ta ni yóò sì lè dá aláṣẹ lẹ́kun? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl dáhùn ìbéèrè yìí láàárín ọdún 1960 sí 1963, ìdáhùn kejì sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ pátápátá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni ìṣọ̀kan Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì tú ká, tí Sẹ̀nẹ̀gàl sì ṣe ìwé òfin tirẹ̀. Ìwé náà pín agbára sí ọ̀nà mẹ́ta. Ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè àti olùṣọ́ òfin. Olórí Ìgbìmọ̀ àwọn Mínísítà ni ó ń darí ìjọba lójoojúmọ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tí ó ní ọmọ ilé 80, ni ìjọba yóò máa jíhìn fún, Ilé náà sì lè fi ìbò lé ìjọba lọ. Léopold Sédar Senghor, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Faransé, di Ààrẹ. Mamadou Dia, tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, di Olórí Ìgbìmọ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ara wọn, nítorí pé láti ọdún 1948 ni wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Ká sòótọ́, ìrẹ́pọ̀ wọn ni ó gbé ètò náà ró ju ìwé òfin lọ.

Ìrẹ́pọ̀ náà kò tọ́jọ́. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú akoto kan. Dia fẹ́ kí òwò ẹ̀pà, tí ó jẹ́ òpómúléró ọrọ̀ ilẹ̀ náà, kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńláńlá, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Èyí bí ọ̀pọ̀ alágbára nínú. Àwọn aṣòfin pẹ̀lú ń kùn pé ó ń fọwọ́ rọ́ Ilé sẹ́yìn. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 1962, apá kan nínú wọn dá àbá pé Ilé kò fọkàn tán ìjọba Dia mọ́. Dia fèsì pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó gbé gbogbo wọn dé ipò, nítorí náà kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ 20 oṣù náà. Àwọn tí ó dá àbá kọ̀ jálẹ̀.

Ní ọjọ́ 17, àwọn ọlọ́pàá ológun tí Dia rán lé àwọn aṣòfin kúrò nínú ilé wọn, wọ́n sì mú díẹ̀ nínú wọn. Senghor náà ké sí àwọn ọmọ ogun tí ó gbọ́ tirẹ̀. Àṣẹ méjì ni ó wà ní Dakar ní ọjọ́ náà, olúkúlùkù sì ní ẹ̀yìn òun ni òfin wà. Ní ọ̀sán, àwọn aṣòfin péjọ sí ilé Lamine Guèye, tí í ṣe olórí Ilé, àwọn 48 sì dìbò níbẹ̀ pé kí ìjọba Dia lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú Dia àti mínísítà mẹ́rin.

Ilé Aṣòfin ti borí, bí ènìyàn ti lè rò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 náà gan-an ni Ilé gbé ìṣàkóso ìjọba lé Senghor lọ́wọ́, pé kí ó sì ṣètò ìwé òfin tuntun. Ará ìlú dìbò lé e lórí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1963. Ipò Olórí Ìgbìmọ̀ parẹ́. Ààrẹ nìkan ni ó kù tí yóò máa darí ìjọba, òun ni àwọn mínísítà yóò sì máa jíhìn fún. Ààrẹ kò lè tú Ilé ká, Ilé náà kò sì lè lé ìjọba. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹgbẹ́ Ààrẹ ni ó gba gbogbo àyè 80. Ohun ìjà tí àwọn 48 lò nínú ilé Lamine Guèye ti bọ́ lọ́wọ́ Ilé kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, ilé ẹjọ́ pàtàkì tí àwọn aṣòfin jókòó nínú rẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Dia. Ọdún 1974 ni ó tó gba ìdáǹdè. Kò gbà rárá pé òun fẹ́ fi ipá gba ìjọba.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Sẹ̀nẹ̀gàl nìkan. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kejìlá ọdún 1964 ní Nàìjíríà, Ààrẹ Nnamdi Azikiwe àti Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa kò fohùn ṣọ̀kan, ìbéèrè sì dìde nípa ẹni tí àwọn ọ̀gá ológun yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1965 kí wọ́n tó rí ọ̀nà àjọgbà.

Sẹ̀nẹ̀gàl dá ipò olórí ìjọba padà ní ọdún 1970, ó pa á rẹ́ ní 1983, ó dá a padà ní 1991, ó tún pa á rẹ́ ní 2019, ó sì tún dá a padà ní 2021. Ìwé òfin ọdún 2001 fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní ohun ìjà: Ilé lè lé ìjọba, Ààrẹ náà sì lè tú Ilé ká bí ọdún méjì bá ti kọjá lẹ́yìn ìbò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye tú Ilé tí àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba àná pọ̀ jù nínú rẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ará ìlú dìbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àyè 130 nínú 165. Àwọn olùdìbò ni ó parí ìjà náà, láìsí pé sójà jáde.

Ìtàn ọdún 1962 kọ́ àwọn aṣòfin ibi gbogbo lọ́gbọ́n. Kò burú kí Ilé yọ ẹni tí ó ṣi agbára lò. Ṣùgbọ́n kí ó tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò gbé ọ̀bẹ náà fún, àti bóyá òun yóò tún lè gbà á padà.